Ó Jọ Jẹjẹrẹ

Wọ́n ń parọ́ fún mi. Kí ló tún lè jẹ́? Kókó hù sínú ikùn èèyàn, ó ń ta bí iná, oúnjẹ ò wọlé mọ́… wọ́n ní kò ní pa á.

Òyìnbó ni dókítà Ìlọrin yẹn ń sọ. Lawrence àbúrò mi, tó jẹ́ tíṣà, ló túmọ̀ ẹ̀. "Bọ̀dá, ó ní ó jọ jẹjẹrẹ lójú, àmọ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ẹran tí wọ́n gé lára kókó yẹn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò n'Íbàdàn. Kò ní pa yín."

Dókítà sọ̀rọ̀ títí. Ṣé ìwọ̀nba yẹn náà ló sọ?

Ohun tó bá jọ ejò… ta ló ń dúró wò ó bóyá okùn ni?

Nílé wa ńkọ́, ta la sọ òótọ́ fún rí? Ọdún tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀, tí ikùn bàbá wa wú, Lawrence yìí náà ló jókòó ti ẹní wọn l'Ómù-Àrán. "Bàbá, ibà lásán ni." Gbogbo wa gbè é: ibà ni, ibà ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í pe ikú sétí aláìsàn. Bàbá da ọbẹ̀ nù, a ní ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n bú Rúùtù ìyàwó mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, Bàbá—

Bí mo bá kọ ebè lónìí, ta ni yóò wa iṣu ibẹ̀?

Abẹ́ igi irúgbá lóko ni mo wà. Ọkọ́ wà nílẹ̀. Ọwọ́ mi ò kúrò lórí ikùn.

Bí òótọ́ mìíràn bá wà, Rúùtù ni Lawrence máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Rúùtù… àárọ̀ yìí, lójú Lawrence, ohun tó fẹnu ẹ̀ sọ sí mi: "Bàbá Lucy, oko Jímọ́ọ̀ aládùúgbò wa ti kún fún ebè, tiyín tẹ́jú bí orí apárí. Èyí kọjá àìsàn. Ọ̀lẹ ni." Lawrence rẹ́rìn-ín títí, kò gbè mí.

Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Ta ló jẹ́ bá bàbá wa sọ̀rọ̀ báyẹn…

Kò sí. Kò sẹ́nì kankan. Títí Bàbá fi kú.

Ìrora yẹn ò kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe ẹni tó ń kú lọ ní ọ̀lẹ?