Ta Ló Kó Àrùn Ran Kọ̀ǹpútà?

Nígbà tí dísíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tún kú sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Rẹ̀míláyọ̀ káwọ́ lérí, ó ní ayé ti rí òun. Ẹ̀rọ náà kùn, ó ń ha gàràgàrà bí eku tó há sínú àpótí, ó wá kọ ọ́ sójú gíláàsì pé òun kò rí nǹkan kan kà. Bàbá Sànúsí, tó ni dísíkẹ́ẹ̀tì, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí sí i lọ́rùn. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé wọn ní Ṣàngótẹ̀dó ló wà nínú rẹ̀, lọ́yà wọn sì ti ń retí rẹ̀. Ó bi Rẹ̀míláyọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ ìwé ni. Bó ṣe rí lójú Rẹ̀míláyọ̀ náà nìyẹn.

Ọdún 1998 là ń wí. Ní Ajah nígbà náà, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ fotokọ́pì kan àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í ṣe ìjọ̀gbọ̀n, ó ti kúrò ní ẹni à ń fojú di. Rẹ̀míláyọ̀ ní gbogbo rẹ̀ nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì ọkọ̀. Àwọn tó ń ta ilẹ̀, àwọn tó ń ra ilẹ̀, àtàwọn tí wọ́n ta ilẹ̀ kan náà fún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń tẹ̀wé. Ààyè inú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kò tó nǹkan, nítorí náà oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ń mú dísíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá, ike pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí, á sì mú un lọ sílé. Bó bá bàjẹ́, iṣẹ́ ti ṣòfò nìyẹn.

Hameedat ló ń tẹ iṣẹ́ náà. Ọmọ bíbí Ajah ni, ọ̀dọ̀ Rẹ̀míláyọ̀ ló sì ti wà láti ìgbà tó ti jáde níwèé mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò lẹ́jọ́, kì í sì í ṣi ọ̀rọ̀ oníbàárà tẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ fúnra rẹ̀, ìka méjì péré ló fi ń tẹ̀wé, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Wọ́n yọ dísíkẹ́ẹ̀tì Bàbá Sànúsí kúrò nínú kọ̀ǹpútà tuntun, èyí tí Rẹ̀míláyọ̀ rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó ọ́fíìsì rẹ̀ kúrò ní Victoria Island, wọ́n fi í sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ìyẹn náà ha, ó kọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé dísíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tí kò ní àléébù kankan, tí wọ́n fi sínú ti àtijọ́ yìí lẹ́yìn náà, òun náà kú. Ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kan ti ran èkejì. Kò tún sí àníàní mọ́ lójú Rẹ̀míláyọ̀, fáírọ́ọ̀sì ni. Ó ti gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò, pé kòkòrò kan wà tí a kì í fojú rí, tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ń dá sínú kọ̀ǹpútà, tó sì ń gba inú dísíkẹ́ẹ̀tì ràn káàkiri bí ìgbóná. Inú bí i débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹnjiníà Babátúndé, tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, dé láti Ìkẹjà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ó ní dísíkẹ́ẹ̀tì kan tó fi ń wá fáírọ́ọ̀sì, ó sì ti tì í pa kí ẹ̀rọ kankan má lè kọ nǹkan sí i lára. Ó fi wá inú kọ̀ǹpútà tuntun láti òkè délẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó tún fi í sínú rẹ̀ kí ó wá a lẹ́ẹ̀kejì, ni dísíkẹ́ẹ̀tì tó tì pa náà bá kú. Babátúndé wò ó títí. Fáírọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ lè fọwọ́ kan nǹkan tí a bá tì pa, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó jókòó ti ohun tó mọ̀ yìí ni, wàhálà ì bá parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ lórí fóònù pé fáírọ́ọ̀sì ni kó tó dé láti Ìkẹjà, àgbà kì í sì í fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mì lójú oníbàárà.

Ó ní, “Màdáàmù, new one leléyìí o. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́. A máa ní láti fọ gbogbo inú ẹ̀ dànù.”

Wọ́n fọ gbogbo inú rẹ̀ dànù. Àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn tí Rẹ̀míláyọ̀ ti kó jọ láti ọdún mélòó kan, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Kọ̀ǹpútà jí sáyé bí ọmọ tuntun, wọ́n ki dísíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí bọ̀ ọ́, ó ha, ó kú. Rẹ̀míláyọ̀ fẹ́ sunkún. Babátúndé nu ojú rẹ̀, ó wá béèrè ìbéèrè tó da gbogbo nǹkan rú: ta ló ń mú dísíkẹ́ẹ̀tì láti ìta wọlé síbí?

Gbogbo oníbàárà ló ń mú un wọlé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìsọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ̀sùn kan ẹni tó ń sanwó? Ojú gbogbo wọn yí sí Hameedat. Rẹ̀míláyọ̀ rántí pé ọmọ náà ń lọ sílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ọbáléndé ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní kí ó gbé báàgì rẹ̀ wá. Lójú Bàbá Sànúsí àtàwọn tó ń dúró de fotokọ́pì, ó da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì: ìbòrí tó fi ń kírun, tẹ̀súbáà, ẹ̀pà nínú ọ̀rá, àti dísíkẹ́ẹ̀tì pupa kan.

Rẹ̀míláyọ̀ ní, “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

“Àǹtí, mi ò fi í sínú ẹ̀rọ yín rí,” ni Hameedat wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.”

Rẹ̀míláyọ̀ ní kí ó máa lọ sílé. Ọmọ náà ṣa ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Sànúsí pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Ẹyin lohùn. Bàbá Sànúsí kò ní ìlẹ̀kùn lẹ́nu, kí wọ́n tó kí ìrun Alásárì lọ́jọ́ náà, ó ti ròyìn ọmọ tó ń kó fáírọ́ọ̀sì kiri yí gbogbo àyíká mọ́ṣáláṣí ká. Hameedat lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyábọ̀, tó ní sẹ́ńtà tirẹ̀ lódìkejì títì. Ìyábọ̀ kò jẹ́ kó jókòó rárá, ó ní òun kò lè fi kọ̀ǹpútà òun tọrẹ. Wọ́n tún lé e níbòmíràn lọ́nà Bàdóòrẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ náà mọ̀ kò ju ìwé títẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ ní Ajah sì ti ń sá fún ọwọ́ rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣebi ni kó jẹ̀bi.

Ohun tó wá ń dùn ún ni pé Hameedat ti lọ, àìsàn kò lọ. Dísíkẹ́ẹ̀tì ń kú bí ẹja tí wọ́n dà sórí iyanrìn. Babátúndé padà wá, ó tú ẹnu tí dísíkẹ́ẹ̀tì ń bá wọlé kúrò lára kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó fi tuntun sí i, ó sì gba owó gọbọi. Ó ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Rẹ̀míláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Ọjọ́ yẹn ni ó bínú sí Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Kí ló tún kù tí òun kò ṣe? Díkónẹ́ẹ̀sì ni òun, òun kì í sì í fi àdúrà ṣeré. Láti ìgbà tí Pásítọ̀ ti wàásù ní ìṣọ́ òru ọdún tuntun pé kí oníkálukú fi òróró ya iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí mímọ́, kò sí ọjọ́ Ajé kan tí òun kì í tètè dé ìsọ̀. Àtẹ́rígbà ló máa ń kọ́kọ́ fi òróró ólífì kàn, lẹ́yìn náà dúrọ́ọ̀ owó, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà tuntun, nítorí òun ló ń bọ́ ilé. Pásítọ̀ kò sọ ju kí wọ́n fi kàn án lọ. Ṣùgbọ́n Rẹ̀míláyọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń fi ìgbàgbọ́ ṣahun. Ó rò ó pé bí iṣẹ́ bá ti ń gba ẹnu ẹ̀rọ wọlé, ẹnu náà ló yẹ kí òróró dé. Ó máa ń ti ìka bọ ihò náà títí yóò fi dé ibi tí kò lè dé mọ́. Láti ìgbà tí wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fi kún un.

Ó fa dísíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú náà yọ, ó fẹ́ sọ ọ́ mọ́ ògiri. Irin pẹ́lẹ́bẹ́ tó bo ojú rẹ̀ sún sẹ́yìn lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì rí inú rẹ̀. Ó ń dán. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ìlà ìlà. Ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka náà síwájú imú, ó sì mọ òórùn náà kó tó rántí orúkọ rẹ̀. Ó jókòó.

Gbogbo rẹ̀ tò níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé. Òróró inú ẹ̀rọ tuntun ló ń pa dísíkẹ́ẹ̀tì. Dísíkẹ́ẹ̀tì ló gbé òróró lọ sínú ẹ̀rọ àtijọ́. Èyí tí Babátúndé tì pa kú nítorí pé kò sí títì tí òróró kì í wọ̀. Rẹ̀míláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì tún fi òróró kí ẹnu tuntun káàbọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó ronú kan báàgì tí òun dà sórí tábìlì, ó sì bo ojú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó dìde lójú ẹsẹ̀ ó sáré lọ tọrọ àforíjì. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àgbàlagbà tètè rìn. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu inú ẹ̀rọ méjèèjì títí wọ́n fi mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n rí. Ó ń ro ẹ̀rín tí Ajah yóò rín. Ó ń ro ohun tí wọn yóò sọ sí ìjọ rẹ̀, àti orúkọ tí wọn yóò sọ òun fúnra rẹ̀. Ó wá rò ó pé òun lè mú ọmọ náà padà wẹ́rẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ra búrẹ́dì gígùn kan, ó lọ sílé wọn létí ọ̀sà. Ìyá Hameedat ń to ẹja síbi ààrò, ó kí i dáadáa, kò rẹ́rìn-ín sí i. Rẹ̀míláyọ̀ ní ẹ̀rọ ti sàn, kí Hameedat máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la, òun yóò tilẹ̀ fi nǹkan kún owó oṣù rẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́, ó wá béèrè ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Rẹ̀míláyọ̀ ní Ẹnjiníà ti pa fáírọ́ọ̀sì náà, kí wọ́n má mẹ́nu kàn án mọ́.

Hameedat bá dáhùn.

“Tí wọ́n bá ti pa á, Àǹtí, a jẹ́ pé òótọ́ ni mo gbé e wá nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà gbá Rẹ̀míláyọ̀ láyà. Irọ́ tó rò pé òun fi bo ara òun ni, àṣé ó ti tún fi í dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì. Omi lé sí i lójú. Ó wá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, òróró, ihò, ìka. Ìyá Hameedat dáwọ́ ẹja dúró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló wá mú kó nira.

Hameedat ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Àmọ́ ilé wa kọ́ lẹ ti da báàgì mi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀.”

Ọjọ́ kejì, ìsọ̀ kún. Bàbá Sànúsí jókòó, ó ń retí ìwé ẹjọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Hameedat dé, kò sì dá wá. Ìyábọ̀ ló bá a rìn. Hameedat kí gbogbo wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Rẹ̀míláyọ̀ dìde. Ó di tábìlì mú. Ó sọ fún wọn pé kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan, pé òun ni òun ń ti òróró àdúrà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, òun náà ni òun ba iṣẹ́ wọn jẹ́, Hameedat kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹnì kan béèrè bóyá kọ̀ǹpútà náà ti ṣèrìbọmi. Ẹlòmíràn ti ń pè é ní Àǹtí Olóròóró, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi kó kúrò ní Ajah. Rẹ̀míláyọ̀ jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Bàbá Sànúsí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo bàtà ara rẹ̀, ó ń sọ pé òun máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní mọ́ṣáláṣí.

Ìyábọ̀ fọwọ́ tọ́ Hameedat léjìká. Ó ní bó bá ti rí báyìí, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun lọ́la.

Rẹ̀míláyọ̀ ti nu àga ọmọ náà láàárọ̀, ó ti fa á síwájú kọ̀ǹpútà tuntun. Ó yíjú sí i. Hameedat kúnlẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣé. Orúkọ mi ni mo wá gbà.” Ó dìde, ó tẹ̀ lé Ìyábọ̀, wọ́n sọdá títì.

Bàbá Sànúsí wá béèrè ẹni tí yóò parí ìwé òun báyìí. Rẹ̀míláyọ̀ jókòó sórí àga náà, ó na ìka méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà àkọ́kọ́.