Onígbọ̀wọ́ Orin

"Orúkọ ta ni wọ́n máa wá pè nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀?" Eleuterio béèrè. Kò tíì fọwọ́ kan ẹja tó wà níwájú rẹ̀.

Gumaro rẹ́rìn-ín. "Bàbá Nayeli, ṣé orúkọ lo fẹ́ jẹ àbí orin lo fẹ́ gbọ́? Ẹni tó gbówó orin sílẹ̀ ní kí wọ́n má dárúkọ òun. Ó ti sanwó àwọn onífèrè idẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ọjọ́ Sátidé ni Nayeli yóò pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìnáwó tí òbí kankan kì í dá gbé ní Puerto Salitre. Ẹnì kan á ṣe onígbọ̀wọ́ kéèkì, ẹnì kan ti aṣọ, ẹnì kan ti bàtà, olúkúlùkù á sì jókòó síwájú kí ayé lè gbọ́ orúkọ òun lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìyá tó ṣe onígbọ̀wọ́ bàtà ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti oṣù tó kọjá pé kí wọ́n má ṣi orúkọ òun pè. Onígbọ̀wọ́ tó ń sá fún orúkọ ara rẹ̀, Eleuterio kò rí irú rẹ̀ rí. Ara fu ú.

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ jàre, Ẹ̀gbọ́n," Maricruz ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọkọ mi yìí, bí áńgẹ́lì bá sọ̀ kalẹ̀, á ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá."

Gumaro ní kí Eleuterio sin òun dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu géètì èbúté tí Eleuterio ti ń fi ẹ̀rọ yẹ inú kọ̀ńténà wò ni Gumaro ti ń lẹ táyà, òun sì ni bàbá ìsàmì Nayeli, tó dúró fún un níbi ìrìbọmi. Bàbá ọmọ àti bàbá ìsàmì kì í bá ara wọn jà níbẹ̀. Okùn tó so wọ́n pọ̀ yi ju ti ọmọ ìyá lọ.

"Kọ̀ńténà búlúù kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè," Gumaro wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹja dídì ni wọ́n kọ sí i lára. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ti ń fi inú ẹ̀ hàn, kó o kàn wo ibòmíì. Ó tán."

Eleuterio fi ẹ̀rín bo ẹ̀rù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ fún wa láràárọ̀. Ọlọ́run gan-an ò tíì mọ géètì tí mo máa wà."

Òótọ́ ló sọ. Látìgbà tí ìjọba ti fi èbúté lé àwọn ológun ojú omi lọ́wọ́, wọn a gba fóònù òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gá Baltierra a sì mú orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fìlà rẹ̀, kí àwọn oníṣòwò oògùn olóró má baà mọ ẹni tí wọn yóò rà sílẹ̀.

"Géètì kẹta lo máa wà," ni Gumaro wí.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Eleuterio. "Ta ló sọ fún yín?"

"Mo mọ ẹni tó rán mi. Mi ò mọ ẹni tó rán òun, òun náà ò sì mọ ẹni tó wà lókè ìyẹn. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan, ibẹ̀ lokùn ti já." Gumaro ń wolẹ̀. "Ọmọ tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún mi. Ní báyìí, wọ́n ti mọ àwọ̀ aṣọ tí Nayeli fẹ́ wọ̀. Má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, mo bẹ̀ ọ́."

Inú bí Eleuterio sí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gba ọ̀fíìsì Baltierra lọ láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí ọ̀gá fi gbójú sókè. "Eleuterio, ọmọ wa ńkọ́? Wọ́n ní onífèrè idẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ò tiẹ̀ pè mí."

Eleuterio kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní èbúté. Ó lè jẹ́ Maricruz ló sọ ọ́ níbi tó ti ń dirun. Ó sì lè má jẹ́ òun. Ta ló ni fìlà? Ta ló ń kọ orúkọ tó ń bọ́ sínú rẹ̀? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

"Mo kàn ní kí n kí yín ni, sà," ó wí, ó sì yí padà.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Maricruz. Maricruz kò bi í ní ìbéèrè kejì, ẹrù ló bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, wọ́n wà ní ibùdókọ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò Maricruz ní ìlú Zacatecas ni ìyá àti ọmọ ń lọ. Nayeli ti fajú ro.

"Sátidé ni ọjọ́ ìbí mi. Kí ló dé tá a fi ń sá bí olè?"

Eleuterio fa bàtà gogoro jáde nínú àpò, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ bàbá nìyẹn lọ́jọ́ ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: kó bọ́ bàtà pẹlẹbẹ ọmọdé kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ, kó wọ ti àgbà fún un lójú gbogbo èèyàn.

"Bàbá, wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ẹsẹ̀ dà?"

Okùn bàtà kò tètè wọlé. Maricruz bá fi imú kọ orin tí bàbá àti ọmọ ì bá jó sí lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì sì jó yípo lẹ́ẹ̀kan péré láàárín àwọn ẹrù. Nayeli ti ń sunkún.

"Eleuterio, géètì kẹta," ni Baltierra kà látinú fìlà láàárọ̀ yẹn.

Kọ̀ńténà búlúù dé nígbà tí oòrùn ti mú. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́yìn ẹja, àwọn ìdì kan tò jọ bíi bíríkì. Òfin ni pé kó fi tẹlifóònù orí tábìlì pe ọ̀gá. Àmọ́ ohun tí èèyàn kan bá gbọ́, èèyàn kan lè bò ó mọ́lẹ̀. Agogo ìkìlọ̀ iná wà lára ògiri. Eleuterio na ọwọ́ kọjá tẹlifóònù, ó sì lu agogo.

Àwọn alágbàrù, awakọ̀, olóúnjẹ àti ológun sáré dé látìhà gbogbo. Baltierra náà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Eleuterio wo ojú rẹ̀ títí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju òógùn lọ.

Ó yí ojú ẹ̀rọ sí gbogbo wọn. Bàtà pẹlẹbẹ Nayeli wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló lu agogo?" ẹnì kan béèrè látẹ̀yìn.

"Èmi ni," ó dáhùn, ó sì gbé ohùn sókè kí ti ẹ̀yìn lè gbọ́. "Eleuterio Zamudio lorúkọ mi."