Aṣọ Otilia

"Ẹ bá mi gbé e sókè díẹ̀," ni dókítà wí. Otilia sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé awọ ikùn ara rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ká etí yẹ̀rì kí ó má baà kan ẹrẹ̀.

Dókítà Pavelescu fi gègé aláwọ̀ búlúù fa ìlà láti egungun ìbàdí ọ̀tún títí dé ti òsì. Gègé náà tutù. Ó fa òmíràn lókè ìdodo, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó pa ìlà náà rẹ́, ó sì tún un fà. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀. Otilia ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, èyí tí wọ́n ya àwòrán àgùntàn sí.

"Gbogbo ohun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ló máa lọ. Bíi kílò mẹ́rin. A óò fa tòkè wá sílẹ̀, a óò rán an mọ́ tìsàlẹ̀, a óò sì wá ibòmíràn fún ìdodo. Apá yín ń kọ́? Ìyẹn di ọdún tó ń bọ̀."

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ lè kú, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e. Ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ méjì. Àwọn kan wà tí tiwọn kò jí mọ́." Ó dé gègé rẹ̀. "Ìyẹn máa ń dẹ́rù ba àwọn ẹlòmíràn."

Kò ba Otilia lẹ́rù. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan kò ti dùn ún, tí nǹkan kan kò sì dùn mọ́ ọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án.

Ní ẹnu ọ̀nà, Crina, nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, sọ fún un pé ẹnì kan ti yẹ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tiẹ̀, àyè kan sì ṣí sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. "Ẹ pè wá kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yìí, àǹtí. Bí ẹ bá jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ó di oṣù kọkànlá."

Otilia ká awọ náà bọ inú ṣòkòtò bó ṣe ń ká a láràárọ̀, ó fi ìgbànú rọ́bà dè é, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà àti ọkàn rẹ̀ jọ pawọ́ pọ̀ láti pa á, wọ́n gé lára àpòlúkù rẹ̀. Kílò mọ́kànléláàádọ́rin ló bọ́ lára rẹ̀. Níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Bârlad, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n tilẹ̀ ra kéèkì tí kò lè jẹ. Ikú tí ì bá pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ó yẹ ká dúpẹ́. Otilia dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé awọ kì í bá ọ̀rá lọ. Ó ṣẹ́ kù síbẹ̀, ó ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Bí oòrùn bá mú, abẹ́ rẹ̀ á bó, á fi pọ́dà sí i. Bó bá sáré lé bọ́ọ̀sì, á máa gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ògiri ló máa ń kọjú sí bó bá ń wẹ̀.

Kò tíì bọ́ bàtà tán tí Veta, àbúrò rẹ̀, fi pè é.

"Ṣé o ti sọ fún wọn pé ò ń bọ̀?"

"Mo ṣì ń rò ó."

"Kí lò ń rò? Èwo ni ká máa gbé àpò òfìfo kiri? Jẹ́ kí wọ́n gé e dànù jàre!"

"Mo gbọ́."

"O gbọ́ kẹ̀? Ohùn ẹ dà bíi ti ẹni tó ń kéde ọkọ̀ ojú irin."

Òótọ́ ni Veta sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò le: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ti wà nílẹ̀, dókítà dáńtọ́, awọ náà kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọwọ́ Otilia kọ̀, kò lọ síbi fóònù, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tó dì í mú.

Ó wo àwọn àpò mẹ́ta tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn aṣọ rẹ̀ àtijọ́ ló wà nínú wọn, ó ti tó ọdún méjì tó ti ń rékọjá lórí wọn lọ sílé ìdáná. Ó ní ó kéré tán, òun á palẹ̀ ìyẹn mọ́ lónìí. Màmá Zamfira, aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní àjà kejì ilé náà, ló wá sí i lọ́kàn. Obìnrin náà sanra, aṣọ náà á bá a mu, kò sì ní bi òun ní ìbéèrè, nítorí ìgbà òtútù tó kọjá ló ti abúlé wá bá ọmọ rẹ̀ gbé. Òpéléńgé ni Otilia tó mọ̀.

Ó gbé àwọn àpò náà lọ síbẹ̀. Òórùn àbẹ́là àti àlìkámà sísè gba gbogbo àtẹ̀gùn. Ẹnì kan gbé ife amọ̀ kọjá lára rẹ̀, ó kí i, òun náà kí i padà. Kò fọkàn sí i.

Màmá Zamfira ṣílẹ̀kùn, ó rí àpò, ó sì yára nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épírọ́ọ̀nù.

"Háà, ọmọ mi! Ìwọ náà rántí àwọn tìẹ."

Ìgbà yẹn ni orí Otilia tó wálé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣíwájú Pẹ́ńtíkọ́sì ni, ọjọ́ àwọn òkú, tí aládùúgbò ń gbé aṣọ, ife àti oúnjẹ fún aládùúgbò ní orúkọ àwọn tó ti lọ. Òun tí wọ́n bí sí Bârlad, tó dàgbà síbẹ̀, ló gbé ẹrù aṣọ kan ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ní irú ọjọ́ yìí láìronú. Ó yẹ kó sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti tan àbẹ́là.

"Kí lorúkọ ẹni tó ni ín?"

Orúkọ mìíràn kò wá sí i lẹ́nu. "Otilia."

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní Otilia ni?"

"Orúkọ kan náà là ń jẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹbí ni nìyẹn. Irú èèyàn wo ni, kí n lè mọ ẹni tí mò ń gbàdúrà fún?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó wo àbẹ́là.

"Ó sanra," ló sọ níkẹyìn.

"Mo rí ìyẹn lára aṣọ. Kí ló tún kù?"

"Ó mọ ijó. Bó bá rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó, gbogbo tábìlì ló ń mì. Àwọn ọmọ àbúrò ẹ̀ kì í fẹ́ sùn síbòmíràn, àfi kí wọ́n sùn lé e níkùn." Ó fọwọ́ kan àpò náà. "Mo ṣìkà sí i, Màmá. N kì í fẹ́ wò ó."

"Ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣé wọ́n sunkún ẹ̀ dáadáa?"

"Rárá o. Wọ́n pàtẹ́wọ́."

Màmá Zamfira mi orí. "Ayé mà le o," ló wí. Ó fa kaba aláwọ̀ ewé kan jáde nínú àpò, ó sì wọ̀ ọ́ lé aṣọ ọrùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ní abúlé wọn, aṣọ òkú tí a gbà tí a kò wọ̀ kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó kún un láyà, ó kún un níkùn. Ìyá náà yípo lẹ́ẹ̀kan kí Otilia lè rí i, ó sì gbá a mọ́ra.

"Kí Ọlọ́run dárí jì í."

"Kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́," ni Otilia dáhùn bó ṣe yẹ kí a dáhùn. Ojú rẹ̀ wà ní èjìká kaba tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí, ara gbígbòòrò tó móoru sì wà nínú rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ó lé lógójì ọdún tí Otilia fi gbé inú irú ara yìí, tó ń pè é lọ́tàá. Àárò rẹ̀ sọ ọ́. Ó yà á lẹ́nu pé àárò ni.

"Ìgbà wo ló kú?"

"Kò tíì pẹ́."

"Ogójì ọjọ́ ò tíì pé nìyẹn. Wọn ò tíì lọ o, àyíká ilé ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ń wo ibi tí wọ́n gbé. A kì í lé wọn. Tó bá pé, wá ká jọ tan àbẹ́là fún un."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Otilia gbé fóònù.

"Àǹtí Otilia!" ni Crina wí. "Ṣé kí n kọ orúkọ yín sí Ọjọ́bọ̀?"

"Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ mí sí oṣù kọkànlá."

"Ó mà jìn o! Ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Rárá. Òkú wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni. Ogójì ọjọ́ ò tíì pé."

Ohùn Crina yí padà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣé ẹni tó sún mọ́ yín ni?"

"Ó sún mọ́ mi gan-an," ni Otilia wí. "N ò mọ̀ ni."

Ó fi fóònù sílẹ̀, ó sì jókòó sórí àga ilé ìdáná. Ẹkún náà kò pariwo nígbà tó dé. Ó kàn ń ṣàn, Otilia kò sì nù ún.