Yàrá Ìyá Mọ́nsúrù ní Kabawa

Opó ni Àdìjátù. Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò ní Lokoja, yàrá kan ní Kabawa ló sì ń gbé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, iwájú rẹ̀ ló ti ń pàtẹ ọṣẹ. Nígbà tí odò Ọya kún wọ àdúgbò náà lọ́dún tó kọjá, Mọ́nsúrù ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, kó o lọ sílé tó gbà ní Lokongoma, apá ìlú tí odò kì í dé.

Ilé náà dára. Omi ẹ̀rọ ń yọ, odi sì yí i ká. Ṣùgbọ́n bí Mọ́nsúrù bá ti gbé mọ́tò jáde láàárọ̀, ìyá rẹ̀ kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó kí obìnrin ilé kejì láti ẹ̀gbẹ́ odi. Obìnrin náà sáré jáde, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí n kí yín ni.”

Ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀ síbẹ̀.

Ni Àdìjátù bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kabawa, kó lè gba yàrá rẹ̀ padà. Bàbá Fàtáì, onílé, sọ fún un pé ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀, owó yàrá sì ti di ìlọ́po méjì.

“Ilé tí omi wọ̀?”

“Ìyá Mọ́nsúrù, èmi náà ò mọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn ará Lokongoma ló ń wá a. Wọ́n ní ọ̀hún ti wọ́n jù.”

Àdìjátù wo ara ògiri, ibi tí omi dé ṣì hàn níbẹ̀. Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Eunice, ọmọbìnrin Oworo kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, tó kó wá láti Lokongoma, ló wà nínú yàrá náà. Ó kúnlẹ̀ kí i, Àdìjátù sì sọ fún un pé Lokongoma lòun ń gbé báyìí.

“Ọmọ mi, ṣé torí owó nìkan lo ṣe kúrò ní Lokongoma?”

“Rárá, Mà. Àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ń gbádùn ibẹ̀?”

Àdìjátù fẹ́ sọ pé rárá. Ó wá rántí bí òun ṣe ń sùn wọra níbẹ̀ nígbà òjò láìbẹ̀rù odò.

“N ò mọ̀,” ó wí.

Eunice ní kó máa wá pàtẹ ọṣẹ rẹ̀ síwájú yàrá bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú Mọ́nsúrù kò dùn nígbà tó gbọ́.

“Màmá, kí lẹ wá fẹ́ gan-an?”

Lọ́jọ́ kejì, Àdìjátù gbé ọṣẹ rẹ̀ lọ. Ó ń pàtẹ ní Kabawa, ó ń sùn ní Lokongoma. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé níbo ló ń gbé, ìdáhùn rẹ̀ kì í jọ ti àná.