Òfin Tí Kò Sí ní Erékùṣù

Apòògùn kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀, igun àgọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, igun kejì lábẹ́ orúnkún rẹ̀, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ rẹ̀ ń wá ọ̀pá kan tó sọnù nínú àpò àgọ́ náà, ó ń kùn bí oyin. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ pàgọ́ sí erékùṣù tí ìjọba sọ di ọgbà ìgbafẹ́. Kò sí afárá débẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi á já wọn sílẹ̀ láàárọ̀, ó di ọjọ́ kẹta kó tó padà wá kó wọn. Ẹni tó bá gbàgbé iyọ̀ sílé, ọbẹ̀ tẹ́ ló máa lá títí ọkọ̀ á fi dé. Nítorí náà ni Apòògùn ṣe kọ ohun gbogbo sílẹ̀, láti orí kẹ́ẹ̀gì omi dé orí ìṣáná.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ọkọ̀ ọgbà náà ló pè.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èèyàn mẹ́jọ lẹ kọ ránṣẹ́ sí wa. Ṣé ọkùnrin káfíńtà yẹn wà nínú mẹ́jọ ọ̀hún, àbí kí n sọ ọ́ di mẹ́sàn-án?"

"Káfíńtà wo?"

"Èyí tó pè mí lánàá. Ó ní wárápá máa ń ṣe òun. Ó ní bí òun bá jókòó sílẹ̀ pátápátá nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi okùn so òun mọ́ ìjókòó, ṣé a lè fojú fo òfin náà fún òun. Mo ní òfin wo? A ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ o. Kó ṣáà wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sì jókòó tì í. Mo bi í pé ta ló tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní bóyá òun ni òun ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Màá pè yín padà," ni Apòògùn wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ọkọ rẹ̀ gbójú sókè.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Iye èèyàn ni wọ́n ń béèrè."

Ó padà sídìí àgọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Káfíńtà yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Òun gan-an ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ erékùṣù náà sílẹ̀, tó gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ Apòògùn àti ìyàwó rẹ̀ ń bá wọn lọ. Ojú àwọn méjèèjì yìí náà ló ṣe lọ́jọ́ tí Káfíńtà ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn Apòògùn, tí ìfófòó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde lórí ilẹ̀ táìsì tuntun. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára Apòògùn. Lóòótọ́, láti ọdún méjì sẹ́yìn, Káfíńtà ò ṣubú mọ́. Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù ú lọ? Òun ló ń ka hóró oògùn náà sínú ike fún un lóṣooṣù.

Síbẹ̀, ó ti lọ bá a níbi iṣẹ́. "Wọn ò lè gbà yín sínú ọkọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Òfin ọgbà ni, nítorí àìsàn yẹn." Ẹ̀wù funfun iṣẹ́ ló wọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Káfíńtà fẹ́ eruku pákó kúrò lójú iṣẹ́, ó ní, "Òfin ni òfin. Ẹ ṣáà bá mi wo ibẹ̀ dáadáa."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló wọlé, ó gbé àpótí pákó kan dání bí ẹni gbé ẹyin. Àbúrò wọn obìnrin, Tísà, tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀.

"Inú èyí ni kẹ́ ẹ kó oúnjẹ sí," ni Káfíńtà wí. "Omi ò lè wọ̀ ọ́. Mo ti dán an wò nínú bàsíà."

Tísà fọwọ́ pa ìdérí àpótí náà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe irú èyí, kí ló dé tẹ́ ẹ lẹ́ ò lọ?"

Apòògùn di ọ̀pá àgọ́ mú.

"Ṣé bí mo ṣe máa fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn." Kò wo ojú Apòògùn rárá. Ó ní òun fẹ́ mu omi, ó sì kọjá sí kíṣìnnì.

Apòògùn tẹ̀ lé e. Ó bá a lẹ́bàá fèrèsé, ife lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkùnrin ọlọ́kọ̀ pè mí."

"Ẹn."

"Ẹ ti mọ̀ láti àná. Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ níwájú wọn?"

Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Mo ní bóyá o fẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi ni. Ó ti pẹ́ tó o ti ń ṣe wàhálà oògùn mi."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sì fọ̀rọ̀ gún un lára. Bí ẹni ń sọ iye ìṣó tó kù nínú agolo ló ṣe sọ ọ́. Ìbá sàn kó gbá a létí. Apòògùn yí padà, ó lọ dúró sí pálọ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Kì í ṣe iṣẹ́ ló dá Bọ̀ọ̀dá dúró. Èmi ni mo sọ fún wọn pé òfin ọgbà ò gbà wọ́n. Kò sí òfin kankan. Kẹ́nì kan ṣáà jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣubú lójú ọ̀gá yín ni."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, ọkọ rẹ̀ ló wí i fún. Ọkọ náà gbé àpò àgọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá mi?" ló wí. "Ọ̀gá tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tá a bá ríra ló ń bi mí pé káfíńtà yẹn ńkọ́, ṣé ara ẹ̀ ti le?"

Tísà ń wo ilẹ̀. Káfíńtà ti jáde láti kíṣìnnì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru bo Apòògùn láti ọrùn dé etí.

Ọmọ Tísà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Èmi ni màá jókòó ti Bàbá Káfíńtà!"

"Ìwọ tó ò lè jókòó sójú kan?" ni Tísà wí. "Èmi ni o."

"Ẹ jẹ́ kó kan ọkùnrin," ni ọkọ Apòògùn wí. "Bó bá di gbígbé ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ gbé ta?" Káfíńtà dá a lóhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu gbogbo wọn, àfi Apòògùn.

Ó ti la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé òun ló yẹ, òun tó mọ oògùn náà, tó mọ ohun téèyàn ń ṣe bó bá dé. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dúró sórí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbọ́ bó ṣe máa dún létí wọn lẹ́yìn irọ́ tó pa. Ó pa ẹnu dé. Ó kúnlẹ̀ padà sídìí àgọ́, ó ń tú okùn tó lọ́ pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń du ìjókòó náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lókè orí rẹ̀, ó wá yé e pé òun ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó lè jókòó ti ẹ̀gbọ́n òun, àti pé kì í ṣe òun ló máa bu àyè náà fún ara òun.