Ìṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́sàn-án

Nọ́ọ̀sì àgbà tún yọ wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ìkókó náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ké lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì lóde gíláàsì dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Obìnrin náà ka oókan, ó ka eéjì, ó ń kà á lọ, kọ̀ǹpútà ò tíì mira.

“Ẹẹ́sàn-án,” ló wí nígbà tó ké níkẹyìn. Ó dá wáyà padà sẹ́sẹ̀ ọmọ. “Ẹnjiníà, ọmọ tí kò ju ìṣù búrẹ́dì lọ yìí, bí kò bá mí, tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án kọjá kí n tó mọ̀, kí ni kí n sọ fún ìyá rẹ̀?”

Ẹnjiníà tó ṣe ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún yẹ ìdí wáyà wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ má baà dá a lẹ́jọ́ kíákíá. “Ṣé-kò-sí” ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bí fóònù bá ti dún, “Ṣé kò sí o?” lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá sín lẹ́ẹ̀mejì, á ti fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá pẹ́ nínú ilé ìwẹ̀, á lọ kanlẹ̀kùn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ìbẹ̀rù yẹn náà ló jẹ́ kó mọṣẹ́. Kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kọjá yẹ̀yẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun mẹ́rin wá sí yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n tó bá di aago méjì, ọkọ̀ máa kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tí kò ní ẹyọ kan. Kí wọ́n tó kó wọn, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé tuntun dára. Bí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wọn, ọ̀gá rẹ̀ sì ti fi yé e pé iṣẹ́ tirẹ̀ náà á bá a lọ. Bó bá fọwọ́ sí i láìdára ńkọ́? Ẹ̀mí ọmọ mẹ́rin ni, ẹ̀mí ò sì láàrọ̀.

Ó pààrọ̀ wáyà nẹ́tíwọ̀kì, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn oníṣẹ́ yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹẹ́sàn-án. Ó pààrọ̀ àpótí kékeré tí gbogbo wáyà ti pàdé. Ẹẹ́sàn-án. Ó so ẹ̀rọ kan ṣoṣo mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà. Ẹẹ́sàn-án náà ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: inú ẹ̀rọ ni àrùn wà, inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kíá ni ẹ̀rọ yìí ń ránṣẹ́ níléeṣẹ́. Lóòótọ́, ìka tirẹ̀ nìkan ló fi dán an wò níbẹ̀. Níbí, bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, bó ṣe ń mí àti bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń rán pa pọ̀. Ó wá ṣe ohun tó máa ń ṣe bí àyà rẹ̀ bá ń já: ó ní kí ẹ̀rọ túbọ̀ máa jábọ̀ fún òun. Bó bá fẹ́ rán nǹkan, kó sọ. Bó bá ti rán an, kó sọ. Wáyà tín-ín-rín kan ló ń gbé ìjábọ̀ náà wá sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà, ara tù ú díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà tún kà á. Ó dé ẹẹ́rìnlá.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá pè. Ó ní àwọn tó fẹ́ kó ẹ̀rọ àtijọ́ ti dé ìsàlẹ̀. Ó ní ṣebí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ń ké, àbí àwọn nọ́ọ̀sì ò létí ni? Kó fọwọ́ síwèé, kó wá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tí ẹnjiníà ní kó jẹ́ kí òun wò ó díẹ̀ sí i, ọ̀gá ní, “Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí ló máa lé wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́,” ó sì pa fóònù.

Ẹnjiníà lọ bá nọ́ọ̀sì kejì tó ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ kan, ó bi í bóyá wáyà ṣì lẹ̀ dáadáa. Ó padà, ó tún lọ bi í. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹrin, nọ́ọ̀sì àgbà dì í lápá mú jẹ́jẹ́.

“Ọmọ mi, jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yìí ráyè ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá ń dá ọ lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sí lára ọmọ.”

Ẹnjiníà dúró gbagidi. Ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń jábọ̀ fún òun, kò lè máa ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì, wáyà tín-ín-rín yẹn sì ń fà bí ìgbín. Ìjábọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ló sọ mẹ́sàn-án di mẹ́rìnlá. Mẹ́sàn-án fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún tó kọjá ni ìjábọ̀ mìíràn ti wà nínú ẹ̀rọ náà. Òun ló kọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé láti yọ ọ́, ọkàn rẹ̀ ni kò gbà á. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná.

“Èmi ni mo fà á, mà,” ló wí. “Mo ní kó máa sọ gbogbo ohun tó ń ṣe fún mi. Ibẹ̀ ni àkókò ń lọ.”

Nọ́ọ̀sì àgbà yíjú sí ọmọ àkọ́kọ́. “Ó dáa. Yọ ọ́, ká kà á.”

Ó yọ gbogbo rẹ̀, ó tún ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ṣófo. Nọ́ọ̀sì àgbà yọ wáyà àkọ́kọ́. Kò tíì pe oókan tán tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì fi ké. Bẹ́ẹ̀ ni èkejì rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Wọ́n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, kò sí èyí tó pẹ́. Aago kan ààbọ̀ ti kọjá. Wọ́n gbé ìwé síwájú ẹnjiníà, ó mú bírò, kò sì lè kọ nǹkan kan. Ọwọ́ ń yún un láti dá ìjábọ̀ kan padà, ẹyọ kan péré, kó ṣáà lè máa rí i.

Ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ké. Kò sẹ́ni tó yọ wáyà.

Kí ẹnjiníà tó yíjú, nọ́ọ̀sì àgbà ti dé ìdí ọmọ kẹta. Ó ta ìka mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ta á. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó sì sunkún kékeré bí ọmọ ológbò.

“Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì àgbà wí bó ṣe ń padà bọ̀. “Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ lónìí nìyẹn.”

Ẹnjiníà wo kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ rán tàbí èyí tó rán tẹ̀ lé e. Ó ṣáà mọ̀ pé nọ́ọ̀sì débẹ̀ lásìkò. Ó fọwọ́ síwèé. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè ṣàìrí i, ó kọ ohun tó ń fa ìdádúró náà, àti pé òun ló fi í síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kà á délẹ̀, ó gba bírò, ó fọwọ́ tirẹ̀ sí i.

“Ṣé mo lè ní kí àwọn tó wá kó ẹ̀rọ àtijọ́ máa gòkè bọ̀?”

“Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀, mà.”