Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Alhájà Fún Ṣọlápé

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní tí Victoria ti dé Ìlọ́bù ni inú ti ń bí i, àmọ́ kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ọmọ Kùmásì ni, ní ilẹ̀ Gáná, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀kọ́ nípa èdè ló ń kọ́ ní yunifásítì wọn, wọ́n sì rán an wá sí Nàìjíríà fún sáà kan, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 1995, kó wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ni ín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Òṣogbo ló gbà á. Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì, olùkọ́ tó ń bójú tó o níbẹ̀, jẹ́ ọmọ Ìlọ́bù. Ó ní tí ọmọ náà bá ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa bá a sọ. Kó kúkú lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ní Ìlọ́bù, kó máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo láràárọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí ni Alhájà Mọ́ríátù, opó kan tó ń ta abọ́ tánganran àti ike ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀. Ọládèjì ti sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Òyìnbó ni Alhájà ń retí, ó ti ra búrẹ́dì àti ẹyin sílẹ̀. Nígbà tí Victoria sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó sì kúnlẹ̀ kí i, Alhájà wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Òkè òkun wo lèyí?" ló bi Ọládèjì.

"Kùmásì ni, Alhájà. Mo rò pé inú yín á dùn. Ẹ gbọ́ èdè wọn ju èmi lọ."

Ojú Alhájà yí padà. Kò lè lé àlejò àbúrò ọkọ rẹ̀ padà lójú títì, nítorí náà ó kàn ní kí Aishat, àbíkẹ́yìn rẹ̀, kó ẹrù àlejò sí yàrá tí wọ́n ń kó páálí ọjà sí.

Aishat ló wá la ọ̀rọ̀ náà yé Victoria, lọ́jọ́ tó bi í léèrè pé kí ló dé tí màmá rẹ̀ kì í dáhùn ìkíni òun. Kùmásì ni Alhájà ti ṣe ìyàwó, ibẹ̀ ló ti bí àkọ́bí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Lọ́dún 1969 ni ìjọba Gáná pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọjà sílẹ̀, wọ́n há mọ́ àárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ibà mú Jàlálù, àkọ́bí náà, ọmọ oṣù mẹ́jọ, lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ Tógò ni wọ́n sin ín sí, lẹ́bàá títì, dẹ́rẹ́bà sì ń fọn fèrè pé kí wọ́n ṣe kíá.

Àánú ṣe Victoria. Ó pinnu pé òun yóò fara dà á. Ṣùgbọ́n ara ni ara ń jẹ́. Tó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ jí dáadáa?" Alhájà á máa gbálẹ̀ lọ. Tó bá fi Twi, èdè Kùmásì, kí i, á ní òun ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan abọ́ ńlá já lé Alhájà lẹ́sẹ̀, Twi ló sì fi kígbe. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Victoria. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni Alhájà fi yan án lódì pátápátá. Tí oníbàárà bá bèèrè pé ọmọ ta ni ọmọ yìí, "Ọmọ àwọn tó lé wa ni," ni Alhájà máa ń wí. "Wọ́n tún tẹ̀ lé wa délé."

"Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, mà," ni Victoria sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ohun tí ejò bá bí, gígùn ló máa gùn."

Ẹnì kan ṣoṣo tí Victoria lè jókòó tì nínú ilé náà ni Ṣọlápé, télọ̀ tó rẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni. Ìlọrin ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló ń wálé. Ọmọ wọn, Ọlámikúnlé, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Alhájà fúnra rẹ̀ ló wẹ ọmọ náà fún ogójì ọjọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Tó bá gbọ́ ẹkún rẹ̀, á fi oníbàárà sílẹ̀, á gbé e pọ̀n, á máa kọrin fún un. Alhájà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìnkùlé yẹn, Victoria kò rí i rí ní iwájú ilé.

Ní ìparí oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n tipẹ́ tún ru sókè. Wọ́n ní ẹnìkan hú ẹ̀gẹ́ ẹnìkan lójú ààlà. Kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó hú u gan-an, àmọ́ kó tó di ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì Ìfọ́n ò ná mọ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Oníbàárà méjì sọ fún Alhájà pé àwọn ọ̀dọ́ náà ń ka ilé tí ará Ìfọ́n ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ṣọlápé.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Wá ibòmíì gbà."

Ṣọlápé kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Alhájà, kí ni mo ṣe?"

"Mi ò ní o ṣe nǹkan. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jó ilé mọ́ mi lórí ni?"

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò wo ojú ọmọ náà.

Nígbà tí Victoria dé láti Òṣogbo ní ọ̀sán, ó bá Ṣọlápé tó ti tú orí máṣíìnì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, tó ń fi aṣọ dì í. Ó ní òun ò ní dúró de ọjọ́ kẹta. Aishat jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sunkún. Victoria gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí iwájú ilé. Obìnrin mẹ́ta ń ra abọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí Àǹtí Ṣọlápé kó jáde, mà?"

Alhájà kò gbójú sókè. "Ilé mi ni."

"Kí ló ṣe?"

"Ará Ìfọ́n ni."

"Ará Ìfọ́n náà ni nígbà tí ẹ fún un ní yàrá. Mo ní kí ló ṣe?"

"Ọmọ yìí, mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wí.

Láti ọjọ́ tó ti dé, Victoria máa ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kiri kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà kò wá a. "Alhájà, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún yín ní Kùmásì?"

Ọwọ́ Alhájà dúró lórí abọ́ tó ń nù.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ̀yin fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó lé yín tún ṣàánú jù yín lọ."

"Ọmọ mi kú sọ́nà," ni Alhájà wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Mo mọ̀, mà, ó sì dùn mí. Bàbá tèmi náà, bíríkìlà ni l'Ékòó. Lọ́dún 1983 tí ìjọba tiyín lé wọn, ibi tí wọ́n ti ń jà du ọkọ̀ ni apá rẹ̀ ti kán. Kò mọ bíríkì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni nílé yìí nítorí ẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí yín tí ẹ ò dáhùn. Mo ní ẹ̀dùn ọkàn ló ń ṣe yín, kí n ní sùúrù. Àṣé ẹ kàn ń wá ẹni tí ẹ máa ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún yín fún ni. Ọmọ tí ẹ wẹ̀ fúnra yín ni ẹ ń lé sójú títì."

Alhájà ju abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tánganran ara rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. "Kó ẹrù tìẹ náà. Kí n má bá ọ nílé mi tí mo bá kírun Alaásárì tán."

Àwọn obìnrin náà ní kí Victoria kúnlẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni Victoria àti Ṣọlápé fi rìn dé Ìfọ́n. Victoria ru tábìlì, Aishat bá wọn ru orí máṣíìnì dé ẹ̀yìn ìlú, ó sì padà. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wò wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ilé ìyá rẹ̀ ni Ṣọlápé mú Victoria lọ. Nígbà tó jókòó tán, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àwọn ìyàwó ọmọ Ìlọ́bù wà níbí náà. Kí àwọn náà máa lọ sílé wọn."

Victoria rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kó tún un sọ. Ṣọlápé tún un sọ.

"Ẹ̀yin náà, àǹtí?" ni Victoria wí. Ó dìde, ó jáde lọ síta, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá dúró, òun á sọ ohun tí kò ṣeé gbé mì.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan ń bọ̀ wá sọ fún Toyibat, ìyàwó kan ní ilé kejì, ọmọ Ìlọ́bù tó ti bímọ mẹ́ta fún Ìfọ́n, pé kó padà sílé bàbá rẹ̀. Ṣọlápé gbọ́ ẹkún Toyibat láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló gbé máṣíìnì rẹ̀, tòun ti tábìlì, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Toyibat, ó dí ẹnu ọ̀nà pa. Ó pọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ. Victoria lọ jókòó tì í.

Ọkùnrin mẹ́rin ló wá. Oyèdìran ló ṣáájú wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ Toyibat.

"Ìwọ tí wọ́n lé bí ajá lọ́jọ́ Ajé," ló sọ fún Ṣọlápé, "ìwọ lo wá jókòó ti ọmọ wọn?"

"Nítorí pé wọ́n lé mi ni, bàbá. Mo mọ bó ṣe ń rí." Kò dá máṣíìnì dúró. "Tí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ kọ́kọ́ gbé èmi àti ọmọ mi kúrò níbí. Ọmọ Ìfọ́n ni ọmọ mi. Ẹ gbé e."

Wọ́n wo ara wọn. Oyèdìran pariwo díẹ̀, ó ní obìnrin kò gbọ́dọ̀ máa fèsì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kan tábìlì náà. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀; wọn ò padà. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ṣọlápé fi ń ránṣọ níbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, bọ́ọ̀sì Ìfọ́n ti tún ń ná. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Alhájà Mọ́ríátù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kan, òun nìkan. Ṣọlápé kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Alhájà na ọwọ́ sí ọmọ.

"Ó ń sùn, mà," ni Ṣọlápé wí. Ojú ọmọ náà sì là kedere.

Alhájà dá ọwọ́ rẹ̀ padà. "Yàrá yẹn ṣì wà ní òfìfo."

"Ẹ ṣé, mà. Mi ò ní padà."

Alhájà yíjú sí Victoria. "Mi ò wá bẹ̀ ọ́. Mo ṣì ń bínú sí ìlú yín. Títí mo máa fi kú ni."

"Èmi náà ṣì ń bínú sí yín, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Alhájà mu omi náà tán. "Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí èsì rẹ̀. Mo ti ń wá a láti ìgbà náà."

Kò sí ẹni tó bá a wá a. Nígbà tó dìde, Victoria sìn ín dé ibùdókọ̀, nítorí àgbàlagbà kì í dá lọ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì kún, ó gbéra. Ìdánwò Victoria ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó padà sílé ìyá Ṣọlápé, ó ṣí ìwé rẹ̀, àmọ́ ìbínú kò jẹ́ kó lè kọ nǹkan kan.